Òbúkọ Ní Fódà

Kí aago méje àárọ̀ tó lù, Ìbídùn ti kó igba irinṣẹ́ ohùn ó lé mẹ́wàá kúrò nínú àwọn fódà tí Ṣíjúwadé kó wọn sí, ó sì ti dá wọn padà síbi tó mọ̀ pé ó yẹ wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lójú síkírínì. Pálọ̀ Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Ó na ìka sí i, ó tún fa ìka padà.

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" ó bi ara rẹ̀ léèrè. "Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ ni?"

Iṣẹ́ rẹ̀ ni lóòótọ́. Àmì Atòfódà tó wà lọ́rùn rẹ̀, idẹ pẹlẹbẹ tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti ń fi í kọ́rùn. Nínú sìtúdíò Bàbá Adégòróyè ní Òkè Títun, Ẹ̀pẹ́, kò sí àtẹ́lẹwọ́ mìíràn tí kọ̀ǹpútà máa ń gbà láyè láti yí ètò fódà padà, àfi kí òun fúnra rẹ̀ yá ẹlòmíràn ní àṣẹ náà. Ó sì ti yá ẹnì kan rí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ó fa gbohùngbohùn sún mọ́ ẹnu, ó rọra kọ orin díẹ̀ sínú rẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn náà gba inú Pálọ̀ Àwẹ̀ró kọjá. Èyí tó jáde kì í ṣe ohùn obìnrin tó dá jókòó sínú yàrá tí wọ́n fi fóòmù bò mọ́. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin nínú pálọ̀ kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà, tí ẹnì kan sì ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ nítòsí ilẹ̀kùn. Pálọ̀ yẹn ti wà lábẹ́ omi láti ọdún mẹ́rìndínlógún, òun àti gbogbo ìsàlẹ̀ ìlú. Àwẹ̀ró tó ń rẹ́rìn-ín náà, ìyàwó Bàbá ni, kò bá wọn jáde nínú omi. Lọ́jọ́ kan tí ayé ṣì dùn, Bàbá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín pálọ̀ kó lè gba bí ògiri ṣe ń dáhùn sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló sọ di irinṣẹ́. Kò sí nǹkan mìíràn tó kù nínú ilé náà, kò sì sí èyí tó kù lára obìnrin náà.

Fódà tí Ṣíjúwadé kó o sí ń jẹ́ Ti Àwẹ̀ró. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn yòókù ṣe ń jẹ́. Ti Ìyá Oníyìnyín. Ti Ràfíù Oníkọ́. Ti Tíṣà Tó Ń Súfèé. Fódà mẹ́tàlélógún, kò sí ọ̀kan tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí irinṣẹ́ ń ṣe. Èyí tó ń dá ohùn padà, èyí tó ń fún ohùn pọ̀, èyí tó ń sọ ohùn di dídọ̀tí, gbogbo wọn jókòó pọ̀ bí èrò inú ọkọ̀, nítorí pé ẹnì kan báyìí ló kọ́kọ́ kọrin gba inú wọn, tàbí pé ẹnì kan báyìí ló fa sábàbí tí Bàbá fi ṣe wọ́n. Láàárín oṣù méjì, Ìbídùn ti ka orúkọ fódà wọ̀nyí látòkè délẹ̀ tó ìgbà márùn-ún. Ó ń wá ara rẹ̀ níbẹ̀, kò rí ara rẹ̀. Èyí tó sì ń bí i nínú jù ni ìkẹtàlélógún: Ti Òbúkọ Ilé Kejì.

Òbúkọ! Ẹran tó ń jẹ wáyà, tó ń tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà sìtúdíò, tí òun Ìbídùn fúnra rẹ̀ máa ń fi ìgbálẹ̀ lé nígbà kan. Òbúkọ ní fódà, Ìbídùn kò ní.

Ó fa Pálọ̀ Àwẹ̀ró jáde, ó jù ú sínú fódà tirẹ̀ àtijọ́ tó ń jẹ́ Ìdápadà, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ gíláàsì. Kọ̀ǹpútà dún tíì. Ètò ti yí padà.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Kí iṣẹ́ má bàa dúró, ó yá Ṣíjúwadé ní àṣẹ àtẹ́lẹwọ́. Ta ni Ṣíjúwadé? Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó ti fi ogún ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ṣẹ́ orin bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi ọjọ́ ogbó ṣeré. Nígbà tí Ìbídùn dé, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn tìrìn-àjò dé tó bá obìnrin mìíràn nínú ilé ìdáná rẹ̀, tí iyọ̀ ti kúrò níbi iyọ̀, tí orógùn ti kúrò níbi orógùn, tí baálé ilé sì ń jẹun, tó ń lá ọwọ́. Bàbá, tí ìrántí rẹ̀ ti ń jò láti ọdún tó kọjá, jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ṣí fódà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń rí ohun tó ń wá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, ìgbà mẹ́wàá ni yóò pe Ìbídùn lójúmọ́: "Ìbídùn, bá mi wá tibí. Ìbídùn, tọ̀hún dà?" Láti ọjọ́ náà, kò pè é tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni.

Ìró bàtà dún lórí àkàbà. Ṣíjúwadé ló wọlé, ó gbé bátìrì ńlá méjì tí wọ́n gba iná oòrùn sí lọ́wọ́, òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá mi," ó wí. Ó ju Ìbídùn lọ ní ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n Ìbídùn ló ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà àwọn méjèèjì ló ń bu ọ̀wọ̀ fún ara wọn.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Ṣíjú."

"Ẹ̀rọ Agbálẹ̀ ti wà ní ilé kẹta. Mo gbóhùn rẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀. Wọ́n ti ṣí èdìdì àṣẹ iṣẹ́ lára ògiri ilé Àlájà oníwàásù, irinṣẹ́ wọn lọ ráúráú." Ó gbé bátìrì kalẹ̀, ó wo síkírínì. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe sí àwọn fódà?"

"Mo tò wọ́n."

"Lónìí?"

"Lónìí kọ́ ni ọjọ́ Ìpè? Ìgbà wo ni kí n tò wọ́n, lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Àmọ́ Bàbá ni wọ́n máa bi léèrè, kì í ṣe èmi tàbí ẹ̀yin. Wọ́n máa bo síkírínì, wọ́n á dárúkọ irinṣẹ́, Bàbá á fi ẹnu ara wọn sọ fódà tó wà. Èyí tí Bàbá bá ṣì, Agbálẹ̀ á gbá a lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n bá ṣì—"

"Bọ̀dá Ṣíjú, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti jókòó ti Bàbá níbi Ìpè. Ẹ̀yin ò tíì jókòó ti ẹnikẹ́ni."

Ṣíjúwadé gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. "Òótọ́ ni. Ẹ máà bínú. Ṣùgbọ́n Bàbá tọdún tó kọjá kọ́ ni Bàbá ọdún yìí. Ẹ jẹ́ ká dá a padà, ẹ jọ̀ọ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni."

"Mo ti bi Bàbá léèrè lánàá," Ìbídùn wí. Inú rẹ̀ dùn láti sọ ọ́. "Mo bi wọ́n ní ogójì irinṣẹ́ lórí oúnjẹ alẹ́. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Wọn ò ṣi ẹyọ kan."

Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Bàbá kà á fún un lóòótọ́, ó ń jẹ ẹja, ó ń fi ìka lu tábìlì, Ìdápadà, Ìfúnpọ̀, Ìdọ̀tí, bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìsọdipúpọ̀. Ìbídùn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ó ní, ẹ wò ó, tèmi ló ṣì wà nínú rẹ̀, tẹlòmíràn kọ́. Kò rántí pé òun ló jókòó síwájú Bàbá bí wọ́n ṣe ń kà á, pé ojú òun ni Bàbá ń wò. Bàbá mọ irú ìdáhùn tí kálukú ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu òun. Ó ti fi àádọ́ta ọdún wo ojú olórin, kó lè mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.

"Ó dáa," Ṣíjúwadé wí. "Ẹ̀yin lẹ ni àmì."

Bàbá Adégòróyè wọlé ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wọ bùbá funfun, ó fi fìlà sí. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i. Ó fi ọwọ́ kàn án lórí, ó wo ojú Ṣíjúwadé, ó rẹ́rìn-ín. Ìbídùn rí ẹ̀rín náà. Ó rí i pé ó gùn ju èyí tí wọ́n máa ń rín sí òun lọ, ó sì gbà á sínú.

Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, Agbálẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ìkíni dáadáa.

"Ẹ kú ilé, sà. Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ẹ kú ìmúra, bọ̀dá. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?"

"Àlàáfíà ni," Bàbá dáhùn. "Ìwọ ńkọ́, ṣé ara le?"

"Kì í rẹ̀ mí, sà, mo dúpẹ́. Mo wá gbọ́ Ìpè ọdún yìí. Irinṣẹ́ mẹ́wàá ni mo máa dárúkọ. Ẹ mọ òfin náà, sà: láti ọdún tí iná mànàmáná kò káàkiri ìlú mọ́ nítorí àwọn tó ń kó ohun tí wọn kò mọ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà, a kì í fi iná gbé ohun tí ẹni tó ni ín kò bá mọ ibi tí ó fi sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ sí Bàbá létí o. Ìpè bẹ̀rẹ̀."

Aṣọ dúdú ré bọ́ láti orí Agbálẹ̀, ó bo síkírínì. Pátákó kékeré tí Atòfódà ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ sí nìkan ló ṣẹ́kù níta, gíláàsì rẹ̀ ń tàn yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ Ìbídùn.

"Atẹ́gùn Ìrọ̀lẹ́," Agbálẹ̀ wí.

Bàbá yí ojú sí Ìbídùn. "Ìdápadà," ó wí.

"Ó tọ̀nà, sà. Ìkùukùu."

"Ìfúnpọ̀."

"Ó tọ̀nà."

Ìbídùn gbé orí sókè. Ó wo Ṣíjúwadé láti ẹ̀gbẹ́ ojú, kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ń wí pé: ṣé ẹ ti rí i? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù méjì tí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

"Kànga," Agbálẹ̀ wí.

Ojú Bàbá kúrò lára Ìbídùn. Ó wo òkè àjà, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ẹ̀rín tàn kálẹ̀ lójú rẹ̀. "Ha! Kànga! Èmi náà ni mo fi okùn sọ gbohùngbohùn kalẹ̀ sínú rẹ̀, ní ẹ̀yìn iléèwé. Obìnrin yẹn ní òun máa kọrin sí i, ó gbé yìnyín lérí, kò tilẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Yìnyín ń yọ́ sí i lójú, ó ń kọrin lọ. Ti Ìyá Oníyìnyín ni!"

"Ó ṣe mí láàánú, sà," Agbálẹ̀ wí, bí ẹni tí ó ṣe láàánú lóòótọ́. Òfin ní kí irinṣẹ́ dún lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. Wọ́n gbọ́ ohùn Kànga, tútù, jíjìn, bí ìgbà tí òkúta bá ré bọ́ sínú omi. Gbogbo orin ìyàwó tó jáde ní Ẹ̀pẹ́ láti ogún ọdún ló gba inú rẹ̀ kọjá. Ó dún, ó sì tán.

"Mi ò ha gbà á ni?" Bàbá béèrè.

Irinṣẹ́ kẹrin, Bàbá gbà á. Ìkarùn-ún ni Èéfín, èyí tó máa ń jẹ́ kí ohùn olórin há bí ẹni tó ti jókòó pẹ́ nídìí ààrò. Bàbá kò tilẹ̀ ronú. "Ti Ràfíù Oníkọ́. Bí ó bá ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri báyìí, èmi á ní, Ràfíù, wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fẹ́ gbà á sílẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èéfín dún, ó lọ.

"Ó ku ẹyọ kan tí ẹ lè ṣì, sà," Agbálẹ̀ wí. "Bí ẹ bá ti ṣi ẹ̀kẹta, mo máa ní láti mú èdìdì sìtúdíò yìí kúrò lára ògiri. Ẹ fara balẹ̀, sà. Kò sí ìkánjú."

Bàbá wo Ṣíjúwadé, ó wo Ìbídùn, ó ń wá ojú tí yóò dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì gbójú sílẹ̀ nítorí òfin. Ó gba ìkẹfà, ó gba ìkeje. Ìbídùn ń ka mímí rẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí orúkọ kan má jáde.

"Pálọ̀ Àwẹ̀ró," Agbálẹ̀ wí.

Ara Bàbá silẹ̀. Ó sinmi ẹ̀yìn lé àga, gbogbo ẹ̀rù kúrò lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ara rẹ̀. "Wọ́n wá ń bi mí ní ti Àwẹ̀ró," ó wí fún ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ fìlà, ó gbé e lé orókún. Ìbídùn mọ ohun tó fẹ́ sọ, Ṣíjúwadé náà mọ̀ ọ́n. Ó kàn fẹ́ fi ara balẹ̀ jẹ adùn rẹ̀ díẹ̀ ni kí ó tó sọ ọ́.

Gíláàsì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ Ìbídùn. Ọ̀rọ̀ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ sí i lójú: *Ìpè ń lọ lọ́wọ́. Atòfódà tó bá yí ètò padà báyìí yóò fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún.* 

Ọdún márùn-ún. Bàbá kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ mọ́, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹni tó bá ń fi àmì kọ́rùn lọ́jọ́ tí Bàbá bá fẹ̀yìn tì ni yóò gba èdìdì. Tí òun bá tẹ gíláàsì yìí, Ṣíjúwadé ni. Atún-ẹ́ńjìnnì-ṣe. Ọdún méjì péré tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa obìnrin yìí, torí pé òun náà kò parọ́ fún ara rẹ̀ lásìkò yẹn. Ó ronú kan dídákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, sìtúdíò á tì, kò ní jẹ́ tirẹ̀, kò sì ní jẹ́ ti Ṣíjúwadé. Gbogbo ayé á sọ pé ọjọ́ ogbó Bàbá ló fà á. Èrò náà dùn mọ́ ọn, ó dùn títí ó fi yà á lẹ́nu bí ó ṣe dùn tó. Kí a jọ pàdánù, kí á dọ́gba. Ó wo ọrùn Ṣíjúwadé, níbi tí àmì yóò kọ́ sí, ó sì kórìíra ọrùn náà.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ Bàbá. Bàbá ń fọwọ́ pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ lórí orókún. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó fi etí sílẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìbídùn tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ gíláàsì.

"Dá ètò àná padà," ó wí.

Kọ̀ǹpútà dún tíì. Ní àkókò kan náà ni Bàbá la ẹnu, ó ní, "Inú Ti Àwẹ̀ró ló wà. Ibo ni ì bá tún wà?"

"Ó tọ̀nà, sà," Agbálẹ̀ wí.

Irinṣẹ́ méjì tó kù, Bàbá gbà wọ́n bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí aṣọ dúdú kúrò lójú síkírínì, Agbálẹ̀ rọ́ wá síwájú Ìbídùn, ó na abọ́ pẹlẹbẹ kan sí i láti inú ikùn rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, màmá. Àmì yín."

Ìbídùn tú okùn náà fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ lọ́rùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ibẹ̀ fi tutù nígbà tí ó kúrò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Bàbá béèrè. "Kí ni Ìbídùn ṣe?"

"Èmi ni mo yí àwọn fódà padà láàárọ̀ yìí, sà," Ìbídùn wí. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo mú kí Kànga lọ. Èmi ni mo mú kí Èéfín lọ."

Bàbá wò ó pẹ́. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. "Kànga," ó wí.

"Ta ni yóò gba àmì, sà?" Agbálẹ̀ béèrè.

Bàbá tọ́ka sí Ṣíjúwadé láìwo ẹ̀yìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ìbídùn jókòó sórí àkàbà ìta, ó ń wo omi tó bo ìsàlẹ̀ ìlú. Ṣíjúwadé wá jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àmì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì fi kọ́rùn.

"Ẹ fi kọ́," Ìbídùn wí. "Bí ẹ kò bá fi kọ́, wọ́n á gbà á."

"Kí ló dé tí ẹ ṣe é?"

Kò fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ó ti sú u láti máa gbé e kiri. "Òbúkọ," ó wí.

"Òbúkọ wo?"

"Òbúkọ ilé kejì ní fódà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà níbí, Bọ̀dá Ṣíjú. Mo bá Bàbá kó ẹrù jáde nínú omi. Ẹ ṣe fódà fún ewúrẹ́, ẹ kò ṣe fún mi."

Ṣíjúwadé yí padà, ó wò ó. "Èmi kọ́ ni mo ń dárúkọ wọn o," ó wí. "Bàbá ń sọ, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ò rí i ni? Ìyá Oníyìnyín ti kú. Ràfíù ti kú. Tíṣà bá omi lọ. Òbúkọ yẹn, wọ́n pa á ní ọdún Iléyá. Àwọn tó ti lọ nìkan ni. Èmi náà bi wọ́n pé, ti Ọ̀gá Ìbídùn ńkọ́? Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n ní, ẹni tó ń kí mi láràárọ̀, kí ni mo fẹ́ fi fódà rẹ̀ ṣe?"

Ìbídùn fi ojú pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin fi kọjá.

Ó ṣì ń wá síṣẹ́. Òfin kò ní kí ó má wá. Ó kàn ní kí ó má fọwọ́ kan ètò ni. Ó ń tún wáyà ká, ó ń gbé gbohùngbohùn dúró fún olórin, ó ń wo ẹ̀yìn Ṣíjúwadé níbi tó jókòó sí nídìí ẹ̀rọ. Ẹ má rò pé owú náà ti kúrò. Ó wà níbẹ̀ láràárọ̀, ó bá a jókòó.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Bàbá ṣí Ti Ìyá Oníyìnyín, ó wá a síwá sẹ́yìn. "Ṣíjúwadé, Kànga dà? Olórin ìyàwó ń bọ̀ ní aago méjìlá."

Ṣíjúwadé wo ilẹ̀. Ó ti ṣàlàyé fún un lánàá, ó ti ṣàlàyé níjẹta.

"Bọ̀dá Ṣíjú," Ìbídùn wí láti ẹ̀yìn, "ẹ ṣí fódà tuntun kan. Ẹ kọ Ti Ìbídùn sí i."

"Ọ̀gá—"

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ó ṣe é. Ìkẹrìnlélógún. Bàbá rí orúkọ náà, ojú rẹ̀ yí padà, ó yíjú kíákíá pẹ̀lú ìbẹ̀rù. "Ìbídùn dà?"

"Èmi rèé, sà."

Ó na ọwọ́, ó di apá rẹ̀ mú, ó fún un pinpin. "O kò tíì lọ?"

"Mi ò tíì lọ, sà."

"Kí wá ni fódà rẹ ń ṣe níbí?" Ó yí padà, ó ṣí i. "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Kànga ló yẹ kó wà níbẹ̀, àti Èéfín. Èmi ni mo sọ wọ́n nù. Mo jowú ni, sà."

Bàbá wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì dùn ún gẹ́gẹ́ bí ohun tí èèyàn ń gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kí ó dìde, ó ní kí wọ́n wá nǹkan mìíràn fún olórin ìyàwó.

Ní ọjọ́ kejì, bí Bàbá ti wọlé, tó bọ́ fìlà, tó jókòó, ó wo Ti Ìbídùn lójú síkírínì, ó ní, "Ìbídùn, Kànga dà?"

Ìbídùn gbé wáyà kalẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síbi àná.